Fótò Tó Ní Ẹsẹ̀

Mo rántí ìró bídọ̀n òfìfo kan tó ń lu ara rẹ̀ mọ́ àga tásì láti Kétu títí a fi dé Kútọnu, àti láti Kútọnu títí a fi dé etí òkun lọ́nà Gran-Popo. Bídọ̀n aláwọ̀ ìyeyè ni, irú èyí tí òróró máa ń wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí àwọn obìnrin tó sọ ọ́ di ohun ìpọnmi. Ìyá mi ló gbé e sórí itan. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ nílé, wọ́n ní ta ló ń lọ síbi tí omi wà lọ́wọ́ òfìfo. Ojú ń tì mí lójú awakọ̀ àti àwọn èrò. N kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, mo gbé ẹ̀rọ fótò tuntun kọ́rùn, mo sì ti gbà pé mo ti di ènìyàn pàtàkì. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n aṣọ nìkan ni èmi ń wò lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí kò bá dàgbà lórí òkè Kétu lè máà mọ ohun tí bídọ̀n jẹ́ fún wa. Ilẹ̀ wa pupa, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ jìn púpọ̀ nínú ilẹ̀. Ní Opómẹ́ta, abúlé tí wọ́n bí ìyá mi sí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, kànga a gbẹ, àwọn ọmọbìnrin a sì jí ní ìdájí lọ wá omi ní ọ̀nà jíjìn. Lọ́nà omi yìí ni ìyá mi ṣubú sí pẹ̀lú ìkòkò lórí nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ìkòkò fọ́, ọrùn ẹsẹ̀ òsì wọn yẹ̀. Wọ́n bá wọn tò ó, kò tò dáadáa, láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ yẹn sì ti ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá mi fúnra wọn sọ fún mi pé ìkòkò ni wọ́n sunkún fún lọ́jọ́ náà, wọn ò sunkún fún ẹsẹ̀, torí omi tó wà nínú ìkòkò ni gbogbo ilé ń dúró dè.

Nítorí ẹsẹ̀ yìí, àwọn ará oko ò nílò àtirí ìyá mi kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ti kọjá. Wọ́n á wo eruku pupa ojú ọ̀nà, wọ́n á rí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó tẹlẹ̀ dáadáa, wọ́n á rí ẹsẹ̀ òsì tó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀lé ara rẹ̀, wọ́n á ní, “Wọ́n ti lọ sóko.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ ẹsẹ̀ ara wa nígbà náà, kì í ṣe ti ìyá mi nìkan. Ọmọ tó bá sá níṣẹ́ lọ ṣeré, ojú ọ̀nà ló máa tú àṣírí rẹ̀, kò sí irọ́ tó lè pa. Èmi gan-an jẹ ẹgba nítorí ẹsẹ̀ mi lójú ọ̀nà ọgbà mángòrò.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù fótò kan nítòsí ọjà Kétu. Fótò kaati ìdánimọ̀ ni mo fi ń jẹun: orí àti ọrùn, aṣọ funfun lẹ́yìn, ó parí. Àwọn àgbàlagbà kì í fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á gba fótò kékeré náà, wọ́n á yí i sọ́tùn-ún, wọ́n á yí i sósì, wọ́n á bi mí pé níbo ni mo gbé ìyókù àwọn sí. Lọ́dọ̀ wa, fótò tí àgbàlagbà máa fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀. Yóò jókòó sórí àga, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Èyí ni wọ́n máa gbé sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, òun náà ni àwọn ọmọ-ọmọ á máa wò. Bí ayàwòrán bá gé èjìká díẹ̀, wọ́n lè dárí jì í. Bó bá gé ẹsẹ̀, ìjà dé. Ìyá mi a máa sọ ọ́ báyìí pé, “Ẹni tí ò lẹ́sẹ̀ nínú fótò, báwo ló ṣe máa rìn wálé?”

Ó tó ìgbà mẹ́rin tí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ya tiwọn. Wọ́n á wọ ìró àti bùbá aláró tí wọ́n rà nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin, wọ́n á fi bàtà sínú ọ̀rá kí eruku má baà bà á jẹ́. Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń bá oníbàárà lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń ní kí wọ́n dúró ná. Oníbàárà kan á lọ, méjì á dé, ìyá mi á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn á fi yí, wọ́n á wá dìde, wọ́n á ní, “Iṣẹ́ pọ̀ fún ẹ lónìí, kò burú.” Èmi á ní, “Ìyá, tiyín ò lè bọ́. Ṣebí èmi ni mo ni ẹ̀rọ.” Mo gbà á gbọ́ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ń ta omi kì í rò pé òùngbẹ lè gbẹ ará ilé òun.

Nígbà tó yá, tẹlifóònù alágbèéká wọ ọwọ́ gbogbo ayé, kálukú di ayàwòrán, ṣọ́ọ̀bù mi sì dá páropáro. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ tẹ fótò ní Kútọnu, mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn kan ń wá fótò etí òkun. Wọ́n máa mú mẹ́wàá, wọ́n á tẹ̀ wọ́n ní ńlá, wọ́n á gbé wọn kọ́ sí gbọ̀ngàn kan kí àwọn àlejò láti òkèèrè wá wò ó. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: iyanrìn, omi àti ojú ọ̀run nìkan ni, kò gbọdọ̀ sí ènìyàn nínú rẹ̀. Orí mi wú. Fótò kaati ti sú mi, mo fẹ́ kí wọ́n pe èmi náà ní ayàwòrán gidi. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyá mi ní, “Fótò tí ò séèyàn ńbẹ̀? Ta lo wá fẹ́ fi rántí?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọn ò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ̀lé mi. Wọ́n ní láti kékeré làwọn ti ń gbọ́ òkìkí òkun, àwọn sì fẹ́ fojú kàn án kí àwọn tó kú. N kò lè sọ pé rárá.

Ìró àti bùbá aláró yẹn ni wọ́n wọ̀. Bàtà wà nínú ọ̀rá. Mo rí i, kò sì yé mi. Ó pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà kó tó yé mi pé ìyá mi ti rò ó nínú ara wọn pé ọjọ́ fótò wọn ló dé yìí, níbi tí kò ti sí oníbàárà kankan tó máa gba àyè mọ́ wọn lọ́wọ́.

A sùn ní ilé apẹja kan lọ́nà Gran-Popo, a sì dé etí omi nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Iyanrìn lọ títí ojú ò fi lè tó o mọ́, ìgbì ti fọ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń dán, àwọn igi àgbọn sì tò sẹ́yìn rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá mi dúró. Wọ́n gbé bídọ̀n kalẹ̀. Wọ́n wo omi náà láti ọ̀tún dé òsì, wọ́n tún wò ó padà, n kò sì tíì rí ojú wọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n tu ú dànù kíá. “Ó pọ̀ tó báyìí, kò ṣeé mu?” Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Omi ò lọ́tàá. Ta wá ni wọ́n dá èyí fún?” Mo rí omijé lójú wọn, mo sì rò pé iyọ̀ òkun ló fà á.

Ẹni tó bá fẹ́ ya etí òkun dáadáa kò ní àyè púpọ̀ láàárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó dára kì í pẹ́, iyanrìn tó tutù tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ sì ni gbogbo ẹwà rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ sórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀, mo wo inú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wò ó, ìyá mi wà láàárín rẹ̀. Wọ́n ti wọ bàtà. Wọ́n dúró ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjú sí mi gan-an. Mo ní, “Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ ti wọnú fótò.” Mo pa á rẹ́. Wọ́n sún díẹ̀ sápá òsì, wọ́n tún dúró bákan náà. “Ibí ńkọ́?” Mo tún pa á rẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti pa fótò mẹ́fà tàbí méje rẹ́, fótò ìyá mi lódindi, tó ní orí, tó ní ọwọ́, tó ní ẹsẹ̀, pẹ̀lú òkun lẹ́yìn wọn àti oòrùn àárọ̀ lójú wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo wo ilẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti tẹ iyanrìn tí mo fẹ́ yà. Inú bí mi. Mo gbóhùn sókè sí ìyá mi lójú iyanrìn níbi tí kò sí ẹni tó lè gbọ́ bí kò ṣe apẹja méjì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. “Ẹ tún ti bà á jẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ síbi àgbọn ọ̀hún yẹn!” Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n dá a padà sínú ọ̀rá, wọ́n gbé bídọ̀n wọn, wọ́n sì ń lọ. Mo tẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan láti fi dán ìmọ́lẹ̀ wò nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò níbi tí ojú ẹ̀rọ dé. Mo gbàgbé láti pa ìyẹn rẹ́.

Láti abẹ́ àgbọn, wọ́n pè mí. “Ṣé kí n máa bọ̀?” Mo na ọwọ́ sókè pé rárá. Mo gbé ẹ̀rọ mi lọ síwájú síbi tí iyanrìn ti mọ́. Wọ́n tún pè, “Ṣé kí n máa bọ̀ báyìí?” Mo tún na ọwọ́ láìwo ẹ̀yìn. Wọn ò béèrè mọ́. Mo ya fótò tí mo ń wá, ó dára, iyanrìn àti omi àti ojú ọ̀run nìkan ni. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ wọn, oòrùn ti ga, wọ́n jókòó sórí ìtì àgbọn kan, bídọ̀n tí wọ́n ti pọn omi òkun kún wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ti di ìró wọn nídìí tuntun bí ẹni tó ń múra ilé.

Nínú tásì wọ́n bi mí pé, “Èmi náà wà ńbẹ̀?” Mo ṣàlàyé òfin àwọn ará Kútọnu fún wọn. Mo ní bí a bá délé, màá gbé àga kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jókòó, màá yà wọ́n dáadáa. Wọ́n ní, “Ó dáa.” Wọ́n gbé omi náà lọ sí Opómẹ́ta fún àbúrò wọn, obìnrin tí èmi máa ń pè ní Ìyá Kékeré, gbogbo agbo ilé sì tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo gbọ́ pé ìyá mi ròyìn òkun fún wọn di ìrọ̀lẹ́. Mo gbọ́ pé wọ́n ní ọmọ àwọn ló mú àwọn débẹ̀. Wọn ò sọ ìyókù fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ará Kútọnu ò mú fótò mi. Wọ́n kọ̀wé pé ó dára, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Mo bínú, mo ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò gbé àga kankan kalẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, a gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti lọ. Ẹnikẹ́ni ò rò pé ó lè yá tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo ti fọkàn sí pé màá ya fótò wọn. Gbogbo òtòkùlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Fótò kaati wọn la fi sin wọ́n. Òun nìkan ló wà. Mo fẹ̀ ẹ́ títí ojú wọn fi ṣú bàìbàì, mo fi férémù wúrà sí i, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn èrò ń wọlé, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wò mí, torí gbogbo ìlú ló mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ìyá Kékeré dé láti Opómẹ́ta, wọ́n dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n ní, “Orí nìkan lẹ gbé síbí. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi dà?” Wọ́n yíjú sí mi. “Ìwọ tó o ń ya ọmọ gbogbo ayé, ẹsẹ̀ ìyá rẹ dà?” Mo wọlé lọ, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo sunkún bí ọmọdé. Fún ọdún kan gbáko, bí mo bá kí Ìyá Kékeré, wọ́n á jẹ́ mi lóhùn, wọn ò sì ní wojú mi.

Lẹ́yìn ọdún náà ni mo ń tú àwọn fótò àtijọ́ láti pa wọ́n rẹ́, kí àyè lè gba tuntun. Mo dé orí ti etí òkun. Mo ń kọjá lọ ni ọwọ́ mi dúró. Fótò ìdánwò tí mo gbàgbé yẹn ni. Iyanrìn wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kò sì sí ènìyàn kankan. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dé etí rẹ̀ lápá òsì, ẹsẹ̀ kan ti kọjá: ọ̀tún tẹlẹ̀ dáadáa, òsì sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀lé ara rẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Mo ti gbé e sápò fún ọdún kan, mo ń pè é ní fótò tó bàjẹ́.

Mo lọ tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, mo gbé e lọ sí Opómẹ́ta. Ìyá Kékeré jókòó níwájú ilé, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró wọn, wọ́n gbà á. N kò sọ ohunkóhun, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú èmi nìkan ló ń rí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé iyanrìn lásán ni mo gbé fún wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n fi ìka kan tẹ̀lé ìlà náà díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí etí. Ọ̀bẹ bọ́ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Háà, ẹ̀gbọ́n mi rèé o.” Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n tún wo etí fótò, níbi tí ẹsẹ̀ náà ti jáde lọ, wọ́n bi mí pé, “Níbo ni wọ́n ń lọ?”

Mo lè purọ́. Mo sọ òtítọ́. Mo ní èmi ni mo ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, àwọn fótò tí mo pa rẹ́, bàtà, àgbọn, ọwọ́ tí mo nà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn wojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n ní, “O ò wá pè wọ́n padà?”

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ìyá Kékeré náà ti tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wọn. Mo ti ya tiwọn kí wọ́n tó lọ, lórí àga, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, n kì í sì í ní kí àgbàlagbà dúró de oníbàárà mìíràn mọ́. Fótò iyanrìn náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Àwọn ọmọ mi ò mọ ojú ìyá àgbà wọn dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹsẹ̀ wọn, èyí tó kéré jù níbẹ̀ a sì máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ nínú eruku àgbàlá láti fi ṣe eré. N kì í bá a wí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ a tún gbé mi lọ sí etí òkun. Mo máa ń dé ibẹ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ iyanrìn, màá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, màá yíjú sí ibi tí àwọn igi àgbọn wà, màá sì sọ ọ́ sókè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀: “Ìyá, ẹ máa bọ̀.”